Bàbá mi fẹ́ tọ ipasẹ̀ Napoleon: ẹ gbà wá nímọ̀ràn kí a tó sanwó

ỌmọTíṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ẹ bá mi dá sí i.

Ọdún 34 ni bàbá mi fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn ní Èkìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ìtàn tí wọn ò mọ̀, ṣùgbọ́n Napoleon, ọ̀gágun tó di ọba Faransé, ni tiwọn. Bí ẹ bá ti dárúkọ ogun Austerlitz, oúnjẹ á tutù lórí tábìlì. Ajá tí a sìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Ney ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn balógun Napoleon. Àwọn ará àdúgbò máa ń bi wá pé irú orúkọ wo nìyẹn. Wọ́n pé ọdún 73 lóṣù tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti pinnu pé a ó mú wọn lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìdé ibẹ̀ rí.

Ilé iṣẹ́ kan ń polówó ìrìn àjò ọjọ́ 9 tí amọ̀nà yóò máa ṣàlàyé lójú ọ̀nà: láti Corsica tí wọ́n ti bí i, dé Paris, dé ààfin Fontainebleau, dé Waterloo ní Bẹ́ljíọ̀mù níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀. Nígbà tí mo rí iye tí wọ́n pè lórí ẹnì kan, ńṣe ni mo jókòó. Ọjọ́ 7 péré la sì ní, nínú oṣù Kẹsàn-án. London ni èmi ń gbé, Adó-Èkìtì ni bàbá á ti wá. Orúnkún wọn òsì kì í gba àtẹ̀gùn púpọ̀. Ṣé kí a sanwó yìí ni, àbí kí a fúnra wa tò ó? Ibo ni kò ṣeé fò?

ÌyáÌbejì_Paris

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọlọ́run á dá bàbá sí fún yín. Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe fún wọn yìí, àwọn ọmọ yín náà á ṣe é fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bí mi nínú títí dòní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Fún ẹni tó ń wá Napoleon kiri Paris, kò sí ìṣẹ́gun kankan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Louvre, mùsíọ́mù ńlá yẹn, máa ń tì lọ́jọ́ náà. Ààfin Fontainebleau ń tì. Ilé Malmaison ń tì. Nígbà kan, àwa obìnrin 14 nínú ìjọ wa sanwó fún ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Aago 7 àárọ̀ ni wọ́n kó wa sínú bọ́ọ̀sì. A dé Fontainebleau, ọgbà ṣí sílẹ̀, ààfin tì pa. Ọ̀gbẹ́ni amọ̀nà dúró níwájú géètì, ó ń nàka sí fèrèsé: lẹ́yìn fèrèsé yẹn ni Napoleon ti fipò sílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń sùn. A bá géètì ya fọ́tò. A jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí a gbé dání lórí koríko, a padà sílé. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún wa.

Nítorí náà, ẹni yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó fún, ẹ kọ́kọ́ gba ètò rẹ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ wo ibi tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bọ́ sí. Invalides tí ibojì Napoleon wà máa ń ṣí lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Ọ̀rọ̀ ajá yín pa mí lẹ́rìn-ín! Porte de Clignancourt ni mo ti ń dirun. Ọdún 11 ni mo fi ń gba Boulevard Ney kọjá kí n tó mọ̀ pé èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Títì ńlá tó yí Paris po, tí ọkọ̀ tíráàmù T3 ń gbà, orúkọ àwọn balógun Napoleon ni wọ́n fi ń pè é lápá lápá: Ney, Davout, Soult, Masséna, Brune, Mortier. Ẹ gbé bàbá wọ tíráàmù yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ tí ara wọn bá ṣú, kí wọ́n máa sọ ìtàn balógun kọ̀ọ̀kan bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá. Ẹ̀yin gan-an lẹ ó gba amọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́.

Onífísà

Kẹ́ ẹ tó máa pín ọjọ́, ẹ yanjú físà. Bí ọmọ bàbá bá ń lo pasipọ́ọ̀tì Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ ìgbélùú ti Ìlú Ọba kò lè mú un dé Paris, físà Schengen ni òun náà máa gbà, ní London. Bàbá á gba tiwọn nílé. Físà kan náà ló gba Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Ítálì, nítorí náà ẹrù Waterloo kò wúwo. Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti máa sùn jù ni kẹ́ ẹ ti tọrọ rẹ̀, ìyẹn Faransé.

Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà báyìí, láìka owó àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù. Ìwé adójútòfò ìlera tó tó Yúrò 30,000 ṣe pàtàkì. Oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò ni ọ̀nà ti ń ṣí, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15 kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà kí físà tó bọ́ sọ́wọ́. Ó tán.

Arìnká_Peckham

Èmi lọ Corsica lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo sì ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Ilé tí wọ́n bí i sí ní Ajaccio lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1769 ṣì wà, ó dára ní wíwò, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá ti kó ilé yẹn lọ́dún 1793, ìyá rẹ̀ ló wá tún un ṣe. Lílọ àti bíbọ̀ á gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ yín nínú ọjọ́ 7. Ohun tó yẹ kí bàbá mọ̀ nípa Corsica, ó ṣeé sọ nínú ọkọ̀ ojú irin: ọdún kan péré kí wọ́n tó bí i ni erékùṣù yẹn bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ilé ìwé ló ti kọ́ èdè Faransé, bí àwa ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dé ilé ìwé ológun ní Brienne lọ́mọ ọdún 9, ohùn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ọlọ́lá fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Elba náà, erékùṣù tí wọ́n kọ́kọ́ lé e lọ, ẹ fi sílẹ̀. Oṣù bíi mẹ́wàá péré ló lò níbẹ̀ kó tó sá jáde. St Helena tó kú sí lọ́dún 1821 ńkọ́? Àárín òkun ni. Ọdún 2017 ni ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ déédéé, Johannesburg lẹ ó sì ti wọ̀ ọ́. Ìyẹn di ìrìn àjò mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fo London o. Bí bàbá bá máa gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá pẹ̀lú físà Ìlú Ọba, mú wọn lọ sí Apsley House ní Hyde Park Corner, ilé Wellington tó ṣẹ́gun Napoleon. Ní ìdí àtẹ̀gùn, ère Napoleon wà níbẹ̀ tí Canova gbẹ́, ó ga ju mítà 3 lọ, kò wọ nǹkan kan, àfi ewé kan tí wọ́n fi bo ibi tó yẹ. Nígbà tí ère yẹn dé Paris, Napoleon fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e pa mọ́. Lẹ́yìn tí ó ṣubú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rà á, wọ́n fi ta Wellington lọ́rẹ. Ẹ wo irú ẹ̀bùn tó dun ọ̀tá!

Ṣàánúnù

Mítà 3? Àbí wọ́n ní kúkúrú ni ọkùnrin náà?

Arìnká_Peckham

Irọ́ àwọn ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 2 ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tó kú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n Faransé ni, tiwọn sì gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó jẹ́ nǹkan bíi mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 68. Ní ayé ìgbà yẹn, kò kúrú.

Ṣàánúnù

Ó ṣì kúrú jù mí lọ. Mo ti gbọ́.

Awakọ̀_Brussels

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Waterloo, nítorí èrò ni mo ń gbé lọ síbẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́: ẹ má sọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n kọ Waterloo sí. Ìlú ni ìyẹn. Pápá ogun wà ní gúúsù rẹ̀, Braine-l'Alleud ló sún mọ́ ọn. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ àlejò tó ti fẹsẹ̀ rìn títí kí wọ́n tó rí mi.

Òkè Kìnnìún ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Àtẹ̀gùn 226 ni, tààrà, kò sí ìbójì. Bàbá ò gbọdọ̀ gùn ún. Kẹ́ ẹ sì tó máa banú jẹ́, ẹ mọ̀ pé òkè yẹn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ogun. Ọba Netherlands ló ní kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ lẹ́yìn náà sí ibi tí ọmọ rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́, 1826 ló parí. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà láti inú pápá náà gan-an ni wọ́n fi mọ ọ́n, ni pápá bá yí padà. Wọ́n ní Wellington padà débẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn pé wọ́n ti ba pápá òun jẹ́.

Mùsíọ́mù tó wà lábẹ́ ilẹ̀ nídìí òkè náà ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ wo àwòrán ńlá tó yí èèyàn ká, kẹ́ ẹ sì wọ ọkọ̀ kékeré tó ń gbé àlejò lọ sí oko Hougoumont. Ògiri oko yẹn ni kí bàbá fọwọ́ kàn. Láti àárọ̀ dalẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 1815 ni àwọn Faransé fi ń kọlu ilé yẹn, wọn ò gbà á. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ dúpẹ́: òjò tó rọ̀ mọ́jú ló mú kí Napoleon dúró dìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀sán kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ lè gbẹ fún àwọn àgbá rẹ̀. Kó tó dìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ogun Prussia ti dé ran Wellington lọ́wọ́. Oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí lọ́jọ́ ikú erin.

Láti Paris sí Brussels kò tó wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ lè lọ láàárọ̀ kẹ́ ẹ bọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n fún ẹni ọdún 73, ẹ sùn.

ỌmọKétu

Ẹ kú àárọ̀ láti Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà lè rò pé ọ̀rọ̀ Napoleon jìnnà. Ní tiwa, inú ilé ló wà. Ìdánwò BAC, ìdánwò àṣejáde girama, tí àbúrò mi fi ń sunkún ní gbogbo oṣù Kẹfà, òun ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1808. Préfet tó ń ṣàkóso ẹkùn wa, òun ló kọ́kọ́ yan irú rẹ̀ lọ́dún 1800. Àwọn Faransé ló di gbogbo rẹ̀ lẹ́rù wá fún wa.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Mo wo àwọn ibi tí ilé iṣẹ́ yẹn kà sílẹ̀, Saint-Domingue kò sí níbẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Haiti lónìí. Faransé ti fòfin de oko ẹrú lọ́dún 1794. Napoleon ló dá a padà lọ́dún 1802. Ó rán Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀ Pauline, pẹ̀lú ọmọ ogun rẹpẹtẹ, pé kó lọ tẹ Toussaint Louverture, aṣáájú àwọn ẹrú tó dìde níbẹ̀, lórí ba. Wọ́n fi ẹ̀tàn mú Toussaint, wọ́n gbé e sọdá òkun, wọ́n tì í mọ́ Fort de Joux, ilé olódi kan lórí òkè níhà Jura, níbi tí òtútù ti ń wọ ni léegun. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin 1803. Leclerc kò tilẹ̀ pẹ́ tó o: ibà pọ́njú ti pa òun àti ọ̀pọ̀ àwọn tó kó lọ. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1804, Haiti di òmìnira.

Àwọn ọmọ Nàgó wà láàárín àwọn ẹrú ilẹ̀ yẹn, èèyàn tiwa tí wọ́n kó gba etíkun wa níbí lọ. Títí di òní, ìdílé Nàgó wà nínú ẹ̀sìn àwọn ará Haiti, Ogou ni olórí wọn. N kò ní láti túmọ̀ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni níbí.

Bí ààyè bá wà, ẹ lọ Fort de Joux. Ẹ wọ TGV, ọkọ̀ ojú irin ayára, láti ibùdókọ̀ Gare de Lyon ní Paris dé Frasne, bíi wákàtí mẹ́ta, kẹ́ ẹ wọkọ̀ dé Pontarlier, kẹ́ ẹ wá gba takisí. Wọ́n máa ń fi yàrá tó kú sí han àlejò. Ṣùgbọ́n orí òkè ni, orúnkún á ké. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sí Panthéon ní Paris, ilé tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá Faransé sí, ọ̀rọ̀ ìrántí Toussaint wà lára ògiri rẹ̀ láti ọdún 1998, pẹ̀lú ti Louis Delgrès tó yàn láti kú ní Guadeloupe ju kó padà soko ẹrú lọ. Balógun Lannes tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Napoleon tímọ́tímọ́ wà nínú ilé kan náà. Kẹ́ ẹ sì yà sí Place du Général-Catroux, ẹ ó rí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ irin méjì gàgàrà, ọ̀kan ti já. Ọ̀gágun Dumas ni wọ́n fi ń rántí. Ẹrú ni ìyá rẹ̀ ní Saint-Domingue, òun ló ṣáájú àwọn ẹlẹ́ṣin Napoleon ní Íjíbítì lọ́dún 1798. Wọ́n jà, Napoleon kò sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì títí ó fi kú.

Ọmọ_Ọ̀yọ́Aláàfin

Ọmọ Kétu, ẹ rọra o. Bàbá arúgbó ń lọ ṣe fàájì, ẹ ti ń gbé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ pàdé wọn. Kí wọ́n wo adé àti idà kí wọ́n máa bọ̀ wálé ni.

ỌmọTíṣà

Ẹ má jà o. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá lórí fóònù. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Sọ fún ọmọ Kétu pé láti 1979 ni mo ti ń kọ́ wọn ní Toussaint, inú ìwé wa ni kò sí. Ẹ kọ Panthéon sí i. Kí ará Ọ̀yọ́ yẹn má bínú, mo ṣì fẹ́ rí adé."

Ẹ ṣé gan-an. Ó kù kẹ́ ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ amọ̀nà.

Ògbufọ̀_Lyon

Mo ti bá àwọn amọ̀nà ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, èyí ni mo mọ̀. Ní Faransé, ẹni tí ilé iṣẹ́ ìrìn àjò bá fẹ́ fi ṣàlàyé nínú mùsíọ́mù tàbí ààfin ìjọba gbọ́dọ̀ ní káàdì guide-conférencier. Ẹ ní kó fi hàn yín. Bí ó bá ní òun gbàgbé rẹ̀ sílé, ẹ mọ̀ pé ó ti tán.

Ẹ bi í bóyá ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí. Etí àgbà kì í gbọ́ ohùn ẹni tó ń rìn níwájú nínú èrò Louvre, bí bàbá ò bá sì gbọ́, gbogbo owó yẹn ti dòfo. Ẹ béèrè ìjókòó. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá wọ̀nyí ní àga alágbèérìn tí wọ́n ń yáni, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kì í fẹ́ jókòó sí i. Ẹ sọ fún wọn pé ìtẹ́ ni.

Ní tèmi, n kò rí ìdí tí ẹ fi máa san owó ọjọ́ 9. Bàbá yín mọ ìtàn ju amọ̀nà lọ. Ẹ gba amọ̀nà ààbọ̀ ọjọ́ fún Louvre àti Invalides nítorí èrò àti ọ̀nà, kẹ́ ẹ ṣe ìyókù fúnra yín.

ÌyáÌbejì_Paris

Ògbufọ̀ ti sọ òótọ́. Ẹ má sì tẹ̀lé ayé rẹ̀ látorí ìbí dé ikú bí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣe, wọ́n á kàn máa sáré gbé yín kiri. Orúnkún ni kẹ́ ẹ fi tò ó: ọjọ́ tó le, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ tó rọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame tí Napoleon ti gbadé lọ́jọ́ 2 oṣù Kejìlá 1804, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: iná jó o lọ́dún 2019, wọ́n tún un ṣí lóṣù Kejìlá 2024, ògiri rẹ̀ funfun bí ẹyin. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ wo àwòrán ìgbádé ọ̀hún ní Louvre, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 10 ní fífẹ̀. Ìyẹn ọjọ́ tó le.

Malmaison ni ọjọ́ tó rọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin RER A dé La Défense, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì. Joséphine ìyàwó Napoleon ló ra ilé yẹn lọ́dún 1799, òun ló ni òdòdó inú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1814. Ilé èèyàn ni, kò dà bí ààfin. Yàrá ìgbìmọ̀ Napoleon wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ ṣe ògiri rẹ̀ bí àgọ́ ogun. Igi kédárì kan wà nínú ọgbà tí wọ́n gbìn nígbà ìṣẹ́gun Marengo lọ́dún 1800. Ẹ tẹ́ nǹkan sídìí igi, kí bàbá sinmi.

Fontainebleau ni mo fẹ́ràn jù, géètì tàbí kò sí géètì (mo padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọlé). Láti Gare de Lyon, bí ìṣẹ́jú 40, bọ́ọ̀sì ń dúró ní ibùdókọ̀. Àtẹ̀gùn ìta tó tẹ̀ bíi pátákò ẹṣin ni Napoleon ti kí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ pé ó dìgbóṣe lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹrin 1814, tó fẹnu ko àsíá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wá tábìlì tó ti fipò sílẹ̀. Gbogbo Yúróòpù tí ó gbé pọ̀, orí tábìlì tí kò tóbi ju èyí tí wọ́n fi ń ta káàdì fóònù nídìí ọkọ̀ lọ ni ó ti sọ ọ́ kalẹ̀! Ní alẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdágbére yẹn, ó ti gbé májèlé jẹ nínú ààfin náà, májèlé tí ó ti so mọ́ ọrùn láti ogun Rọ́ṣíà. Ó ti pẹ́ jù, kò ṣiṣẹ́.

ỌmọTíṣà

Ẹ̀yin ará, a ti lọ, a ti bọ̀. Mo ní màá ròyìn.

A kò san owó ọjọ́ 9. A gba amọ̀nà kan fún ààbọ̀ ọjọ́ ní Louvre, ọmọbìnrin kan tó ní káàdì, tó sì ní ẹ̀rọ etí. Ó ń ṣàlàyé àwòrán ìgbádé lọ́wọ́, ó nàka sí obìnrin tó jókòó ní àárín gbùngbùn lókè. Bàbá ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Ìyá Napoleon nìyẹn, wọn ò sì sí níbẹ̀! Rome ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, wọ́n ń bá ọmọ wọn bínú. Ayàwòrán ló fi wọ́n kún un." Ọmọbìnrin náà wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ gbohùngbohùn rẹ̀, ó fi kọ́ bàbá lọ́rùn. Àlejò bíi mẹ́fà tí kì í ṣe tiwa dúró gbọ́.

Malmaison: òjò. Tíráàmù T3: wọ́n sùn kí a tó kọjá Davout.

Ní Invalides, èèyàn á dúró sí òkè, á tẹ̀ síwájú lórí ọgbà òkúta, á máa wo pósí ńlá náà nísàlẹ̀. Mo ti rò pé á dúdú. Pupa ni, bí ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń sọ pé wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rí i lè tẹrí ba. Bàbá gbọ́, ni wọ́n bá nàró, wọ́n ń fi ojú nìkan wò ó látòkèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ ò ní rí i dáadáa." Wọ́n ní èyí táwọn rí tó.

Ní Panthéon, wọ́n mú ìwé kékeré jáde nínú àpò, wọ́n fi ọwọ́ da ọ̀rọ̀ ara ògiri tó jẹ́ ti Toussaint kọ, létà kan tẹ̀lé èkejì, wọn ò gbà kí n fi fóònù yà á. Ọmọ Kétu, wọ́n ní kí n kí yín.

Waterloo ni mo bẹ̀rù jù, òun ló sì rọrùn jù. Awakọ̀, Ọlọ́run á sin yín. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló gun Òkè Kìnnìún, ó dé ilẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Hougoumont. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Wọ́n fi imú bàtà tẹ ilẹ̀, ó rì, wọ́n fà á yọ, amọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn tó ìwọ̀n ẹ̀kọ kan. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè hàn mí: "Wo ohun tó pa á."

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni a wá Ney rí. Ère rẹ̀ wà nítòsí ibùdókọ̀ Port-Royal, ó na idà sókè, ó la ẹnu bí ẹni tó ń pe àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìtòsí ibẹ̀ ni àwọn Faransé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yìnbọn pa á lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá 1815. Òun ló ṣèlérí fún ọba tó gba ipò Napoleon pé òun á fi àgò irin gbé Napoleon wá nígbà tó bọ́ láti Elba. Ó dé ọ̀hún, ó bá a lọ. Bàbá yí ère náà po lẹ́ẹ̀méjì, ọ̀pá wọn ń ró ko, ko, ko. Ilé oúnjẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn òyìnbó jókòó sí tí wọ́n ń mu wáìnì. Bàbá dúró, wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀, wọ́n sì ké bí wọ́n ṣe máa ń ké láti ẹnu ọ̀nà ìdáná wa nígbà náà lọ́hùn-ún:

"Ney! Ney! Máa bọ̀, wá jẹun!"